Bí àgbà bá ṣubú: ẹ̀kọ́ mẹ́rin láti inú ìtàn àwọn olórí wa

Àwọn baba wa ní: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kò sọ pé àgbà kì í ṣubú. Ohun tí ó sọ ni pé iṣẹ́ wà fún ojú àgbà láti ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tún gbéra. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú, kí ó má baà tún fi ẹsẹ̀ kọ òkúta kan náà.

Ní Kétu, ní Sábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, títí dé Atakpamé lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Tógò, a mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ láti gòkè. A ń gbàdúrà fún un kí ó di olórí, kí ó má di ìrù. A ń kọ́ ọ láti gun igi, ṣùgbọ́n a kì í sáábà kọ́ ọ bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ti rí èso àìkọ́ni yìí. Mo ti rí ọmọ tí kò jáde nílé fún odindi oṣù kan nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó yege nínú ìdánwò BAC. Mo ti rí olùkọ́ àgbà tí ipò olùdarí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì kí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Mo ti rí ọkùnrin tó díje fún ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí ó pàdánù, tí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ kò sì jọ jẹun mọ́ títí di òní.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn kan wò tí kò jìnnà sí wa. Ìtàn àwọn olórí tí wọ́n jọ la àkókò kan kọjá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni: Mathieu Kérékou, Nicéphore Soglo àti Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza. N kò kọ ọ́ láti gbè lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Mo kọ ọ́ nítorí pé, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń pàdánù ipò láì pàdánù ara ẹni, n kò tíì rí ìwé ẹ̀kọ́ tó dára ju ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn lọ, láti ọdún 1990 sí ọdún 2006.

Bí agbára ṣe bọ́

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972 ni Kérékou, ọ̀gágun tí wọ́n bí ní apá Natitingou ní òkè ọya ní ọdún 1933, gba ìjọba pẹ̀lú ìbọn. Ní ọdún 1974, ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ó pa orúkọ Dahomey dà sí Bénin. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin fàyè gbà. Ìtàn kò sì fi pamọ́ pé àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí èrò ọkàn wọn, tí àwọn mìíràn sì fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1989, àpò ìjọba ti ya. Àwọn báńkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lo oṣù púpọ̀ láì gba owó. Àwọn olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bọ́ sí ìgboro. Ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 di ohun tí a ń pè ní «année blanche», ìyẹn ọdún tí a kà sí òfo, bí ẹni pé ọmọ kankan kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ìjọba pa ẹ̀kọ́ Marx tì, ó sì gbà láti pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè. Àpérò náà wáyé ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo ní Kútọ̀nú, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990. Àwọn aṣojú tí iye wọn súnmọ́ 500 ni wọ́n péjọ, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pinnu pé ohunkóhun tí àpérò náà bá fi ẹnu kò sí ni yóò jẹ́ òfin, àti pé ààrẹ fúnra rẹ̀ kò lè yí i padà. Ní kúkúrú, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọba ní ojú ọba.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀gágun ni ọkùnrin yìí, àwọn ọmọ ogun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè tú àpérò náà ká. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Tógò kò ní ṣàìrántí ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1991, nígbà tí àwọn ọmọ ogun fi ìbọn kọlu ibùjókòó olórí ìjọba ìgbà náà, Joseph Kokou Koffigoh, ní Lomé, tí wọ́n sì mú un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, Kérékou gba ìpinnu àpérò náà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: pe ìṣubú ní orúkọ rẹ̀

Wọ́n yan Nicéphore Soglo, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí ní Lomé ní ọdún 1934, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Banque mondiale, láti jẹ́ olórí ìjọba fún àkókò ìyípadà. Kérékou ṣì ń jẹ́ ààrẹ, ṣùgbọ́n agbára kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó tọrọ àforíjì ní gbangba fún àwọn àléébù ìjọba rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1990, àwọn ará ìlú dìbò gba ìwé òfin tuntun. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, ìbò ààrẹ wáyé, Kérékou díje, ó sì pàdánù: ó lé ní 67 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tó lọ sọ́dọ̀ Soglo. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ó gbé ìjọba lé ẹni tó borí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ìṣubú jẹ́ ìṣubú.  Ní àwùjọ wa, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ọmọ bá kùnà ìdánwò, ẹlòmíràn yóò ti máa wá ìyá arúgbó kan tí yóò dá lẹ́bi ní agboolé. Bí ọjà bá kú lórí oníṣòwò, yóò ní aládùúgbò òun ni ó di òun. Ẹni tó bá sì ti rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi, kò ní wo ẹ̀yìn mọ́. Òkúta tó gbé e ṣubú yóò ṣì wà lójú ọ̀nà, yóò máa dúró dè é.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, vacataire ni mí: iye wákàtí tí mo bá kọ́ ni wọ́n fi ń san owó mi. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ni mo ń fi alùpùpù lọ bọ̀ láàárín wọn. Mo ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ìjọba, orúkọ mi kò jáde. Ọ̀pọ̀ ló wá bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní a kì í mú ẹni tí kò bá ní ènìyàn lókè. Ṣùgbọ́n àgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì pè mí sí iwájú ilé rẹ̀, ó ní: «Ọmọ mi, jókòó. Sọ ìbéèrè tí wọ́n bi yín fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ohun tí o fi dáhùn.» Mo ní: «Baba, ó ti kọjá.» Ó ní: «Ìdánwò náà ló kọjá, ìwọ ṣì wà ńbẹ̀.» A lo ọ̀sán mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, orúkọ mi jáde. N kò lè sọ pé kò sí àìṣòdodo nínú ayé, ó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán mẹ́ta yẹn ni ó wà ní ìkáwọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ kejì: ìdákẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́

Láti ọdún 1991 sí ọdún 1996, Kérékou gbé ní Kútọ̀nú, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní gbangba. Àwọn elédè Faransé ń pe irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní «traversée du désert», ìrìn inú aṣálẹ̀. Kò dúró sí ẹnu ọ̀nà ìjọba tuntun láti máa ka àṣìṣe rẹ̀ sókè lójoojúmọ́.

Ìjọba Soglo ṣiṣẹ́ takuntakun láti tún ọrọ̀ ajé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, iye owó CFA di ìdajì sí ti Faransé. Gbogbo ìyálọ́jà ni ó mọ̀ ọ́n lára: ohun tí wọ́n ń rà láti òkè òkun gbówó lérí lójijì, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù òṣìṣẹ́ kò di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ìbò ààrẹ tún dé ní oṣù Kẹta ọdún 1996, Kérékou jáde láti díje. Ìpele kejì ni ó ti borí, pẹ̀lú ìbò tó lé díẹ̀ ní 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n lé lọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n tún pè padà.

Agẹmọ ni àmì tí Kérékou fi mọ ara rẹ̀. Àwọn aláwàdà ní nítorí pé agẹmọ ń yí àwọ̀ padà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà ní oko mọ nǹkan mìíràn nípa agẹmọ: ojú kan rẹ̀ lè wo iwájú kí èkejì máa wo ẹ̀yìn, kì í sì í gbé ẹsẹ̀ kan láì jẹ́ pé ìyókù ti di ẹ̀ka mú. Ìyẹn ni mo ń sọ fún ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ kó àwọn ọ̀rọ̀ kíkorò sí orí Facebook ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹyin ni. Bó bá bọ́, ó fọ́. Ẹni tí o bú lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò ka ìwé ìbéèrè iṣẹ́ rẹ ní ọdún mẹ́ta sí i. Dákẹ́, kí o sì máa ṣiṣẹ́ nínú ìdákẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ kẹta: má ṣe kẹ́gàn àga kékeré

Soglo náà wá mọ adùn àti ìkorò. Ẹni tí ìdá méjì nínú mẹ́ta dìbò fún ní ọdún 1991 ni wọ́n já kulẹ̀ ní ọdún 1996. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀hónú hàn sí èsì ìbò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí Cour constitutionnelle ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó gbé ìjọba sílẹ̀. Ó tún díje ní ọdún 2001, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò kí ìpele kejì tó wáyé, ó ní èrú wà nínú ìbò náà. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ìtàn ọkùnrin tí a ṣẹ̀ ni ìbá jẹ́.

Kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2003, Nicéphore Soglo di olórí ìlú Kútọ̀nú, «maire» gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é. Ó wà ní ipò náà títí di ọdún 2015. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ti jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè, tó ti bá àwọn olówó ayé jókòó, ni ó wá jókòó láti jíròrò lórí gọ́tà tó dí, lórí pàǹtí àti lórí owó ìsọ̀ ní ọjà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti já wálẹ̀. Ojú àga ni wọ́n ń wò, wọn kò wo iṣẹ́. Omi tó ń wọ ilé tálákà ní Kútọ̀nú nígbà òjò kò béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ dá òun dúró ti jẹ́ ààrẹ rí.

Mo mọ olùkọ́ kan tí ó jẹ́ olùdarí CEG fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ipò náà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lásán. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún òun ní kíláàsì «sixième», àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwa olùkọ́ ń sá fún nítorí ariwo wọn. Mo béèrè pé: «Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ gba èyí?» Ó ní: «Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ wà, àbúrò. Ọdún mélòó ni mo fi ń bu ọwọ́ lu ìwé, tí n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan?» Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń dá bí wọ́n bá ń sọ ẹni tó kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Orúkọ ẹni tó jẹ́ olùdarí ní ọdún yẹn kò sí lẹ́nu wọn.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: mọ ìgbà tí ó tó

Òfin ọdún 1990 sọ nǹkan méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ààrẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹni tó bá sì ti kọjá 70 ọdún kò lè díje. Bí ọdún 2006 ṣe ń súnmọ́, àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n yí òfin náà padà nítorí Kérékou. Kò yí i padà. Ẹni ọdún 72 ni nígbà tó fi ipò sílẹ̀ fún Yayi Boni ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2006. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Ìgbà kì í lọ bí òréré: ẹni tó ti ṣubú rí tí kò kú ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù àti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnì kẹta kò sì gbọdọ̀ di ẹni ìgbàgbé. Isidore de Souza di ọ̀bẹ mú ní ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ní PLM Alédjo, lẹ́yìn èyí ó darí Haut Conseil de la République ní àkókò ìyípadà. Kò fi ọ̀bẹ náà gé ẹran sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò díje fún ipò ààrẹ. Ó padà sí iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Kútọ̀nú títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọdún 1999. Olórí tí ipò kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò so ó mọ́ ara nìyẹn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àwa tí a kò ṣubú

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé: «Olùkọ́, ààrẹ ni àwọn wọ̀nyí. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣubú, orí tìmùtìmù ni wọ́n bọ́ sí. Èmi ńkọ́, tí n kò ní ju kẹ̀kẹ́ àti ìsọ̀ kékeré lọ?» Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a wo ohun kan tí a kì í sábà sọ nínú ìtàn yìí. Kérékou kò dá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé àkàbà fún un. Àpérò náà gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ ní ipò ààrẹ títí ìbò fi dé, wọ́n sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé wọn kò ní gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Inú àwọn tó jìyà lábẹ́ rẹ̀ kò dùn sí i, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n nítorí ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni kò fi sí ìdí fún un láti gbé ìbọn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra.

Ìlẹ̀kùn yẹn ni ó wà ní ìkáwọ́ olúkúlùkù wa. Olùdarí tuntun lè ní kí olùdarí àná wá jókòó ní ìpàdé, kí ó sì béèrè ìmọ̀ràn rẹ̀. Ẹni tó borí nínú ìbò ìlú lè lọ sí ilé ẹni tó pàdánù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọ̀gá iṣẹ́ aránṣọ lè gba ọmọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ padà láì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn òbí, oṣù Keje kò ní pẹ́ dé, èsì BAC yóò sì jáde. Orúkọ ọmọ ẹlòmíràn yóò wà níbẹ̀, ti ọmọ tìrẹ lè má sí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fún un ní oúnjẹ rẹ̀ bí o ti ń fún un tẹ́lẹ̀, má sì ṣe dárúkọ ọmọ aládùúgbò. Jẹ́ kí ó sunkún bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, rán an lọ gba ìwé àmì rẹ̀, «relevé de notes», kí ó sì mú un lọ bá olùkọ́ tí ó fọkàn tán. Kí wọ́n wo iṣẹ́ ibi tí àmì ti já, kí wọ́n wo iye tí «coefficient» iṣẹ́ náà jẹ́, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ìṣirò ni, tàbí ọgbọ́n orí, tàbí èdè Faransé. Ìwé pélébé yẹn ni ẹ̀yìn tí àgbà ń wò. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n wò ní ẹni ọdún méjìdínlógún ti mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ olórí kì í mọ̀ títí wọ́n fi darúgbó.